Irun Tí Mo Kó Lọ Sóko

Ọjọ́ tí mo di ọmọ iṣẹ́, ọ̀gá mi ló dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ kùtù. Mo ti gbálẹ̀, mo ti nu díńgí, mo sì ń múra bí màá ṣe kúnlẹ̀ fún un tó bá dé, torí pé ọmọ iṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ kí ọ̀gá. Mọnsúrù sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó rí mi, ó nà gbalaja sínú eruku. Èmi náà sì ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá Ràfíù tó ń ta búrẹ́dì lódìkejì ọ̀nà wò wá títí, ó ní kí ẹnì kan nínú wa yáa dìde kí mọ́tò tó tẹ àwa méjèèjì mọ́lẹ̀.

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà náà. Mọnsúrù ò ju ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lọ.

Ó ní, "Màmá, tí ẹ bá ń kúnlẹ̀ fún mi, ẹ̀mí mi lẹ̀ ń gé kúrú."

Mo ní, "Tí mi ò bá kúnlẹ̀, iṣẹ́ ò ní wọ̀ mí lára."

A jókòó, a sọ ọ́ bí àgbà. A fẹnu kò pé níta, ọmọ mi ni, kó máa dọ̀bálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Tó bá ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá mi ni, màá kúnlẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀nba tí orúnkún mi bá gbà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é lójoojúmọ́. Àwọn oníbàárà máa ń dúró láàárọ̀ kí wọ́n lè wò wá.

Adéwálé ọmọ mi ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Òun nìkan lọ́kùnrin tí mo bí. Mọ́níyà ló ti kọ́ṣẹ́ onígbàjámọ̀, ó sì padà sí Ìrókò wá dá tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré lọ sí Èkó. Ó ní irun ń hù ní Ìrókò náà. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin ló mú un lọ. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀, mi ò ní lè kọ ìyókù.

Mọnsúrù ni ọmọ iṣẹ́ tí Wálé kọ́kọ́ gbà. Ó ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ìyẹn ayẹyẹ tí wọ́n fi ń dá ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ti yé e, ṣùgbọ́n kò lọ, ó ń bá ọ̀gá rẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, òun nìkan ló kù níbẹ̀. Èmi náà máa ń lọ gbálẹ̀ ibẹ̀ láràárọ̀, torí mi ò lè jókòó sílé. Nígbà tó yá, Bàbá Olúṣọlá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ti dolóògbé, pe ìpàdé ẹbí. Wọ́n ní ohun tó yẹ ni ká ta àwọn irinṣẹ́ Wálé, ká dá ṣọ́ọ̀bù padà fún onílé. Mo ní rárá. Wọ́n bi mí pé ta ni yóò máa lò wọ́n nínú ẹbí. Ẹnu mi dáhùn kí n tó ronú. Mo ní èmi.

Bàbá Olúṣọlá kì í ṣe òǹrorò. Wọ́n wò mí, wọ́n sì rò pé ọ̀fọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó dáa, àwọn fún mi ní ọdún kan. Tí ọdún bá yí po tí mi ò tíì ṣe fírídọ̀ọ̀mù, a ó palẹ̀ ẹrù ibẹ̀ mọ́, mi ò sì gbọ́dọ̀ sunkún. Mo ní mo gbà. Bí mo ṣe gbé mínírà méjì àti búrẹ́dì lọ bá Mọnsúrù nìyẹn, pé kó gbà mí síṣẹ́.

Pírámárì kẹrin ni mo ka ìwé dé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ irun, ọwọ́ ló ń kọ́ ọ, kì í ṣe bíírò. Kílípà ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tó ń gé irun. Ó máa ń kùn bí oyin tí wọ́n dí lọ́nà. Àwọn ìyàrí oníke kéékèèké wà tí à ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n ní nọ́ńbà lára. Nọ́ńbà kìíní ń fi irun sílẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nọ́ńbà kẹrin ń fi púpọ̀ sílẹ̀. Tí o ò bá ki ọ̀kankan bọ̀ ọ́, gọ́rímápá nìyẹn, orí á máa dán bí àwo. Ojú mi ò rí àwọn nọ́ńbà náà dáadáa, mo bá gba ọ̀dà tí àwọn ọmọge fi ń kun èékánná, mo fi kun wọ́n lẹ́yìn, pupa fún ọ̀kan, àwọ̀ ewé fún èkejì. Mọnsúrù rẹ́rìn-ín títí. Lónìí, òun náà ń fi àmì ọ̀dà yẹn mú u.

Mọnsúrù kì í kánjú. Ó ní kí n tó tan kílípà rárá, kí n kọ́kọ́ fi ọwọ́ mi méjèèjì wá gbogbo orí oníbàárà, kí n mọ ibi tí egúngún ti yọ, ibi tó ti kòtò, ibi tí irun ti ń yípo bí omi odò. Ó ní orí méjì ò rí bákan náà, àní ti ìbejì. Lẹ́yìn èyí ló kan ìlà. Ìlà ni etí irun tí à ń là láti iwájú orí wá sí ẹ̀bátí. Òun ni àwọn èèyàn fi ń mọ onígbàjámọ̀. Tí ìlà bá wọ́, kò sí páúdà tó lè bò ó.

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà náà. Ọ̀gá mi wá àgbọn gbígbẹ mẹ́fà tó ṣì ní irun lára, ó ní kí n máa la ìlà sí wọn. Nígbà tí àgbọn tán, mo mú ewúrẹ́ mi kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́, mo gẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní lokọ́ọ̀tù, mo sì la ìlà sí i níwájú orí. Àbẹ̀kẹ́ rin gbogbo Ìrókò já. Àwọn èèyàn ń bi í pé ta ni bábà tó gẹrun rẹ. Ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, Mọnsúrù sì jáde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó fínnífínní.

Ó ní, "Màmá, ìlà ọ̀tún ga ju tòsì lọ."

Orí èèyàn tí mo kọ́kọ́ gẹ ni ti Ìyá Ràfíù. Opó ni bíi tèmi, kò fẹ́ràn irun dídì, ó sì ní òun ló yẹ kí òun ṣáájú. Nọ́ńbà kẹta ló fẹ́. Mo yẹ orí rẹ̀ wò, mo so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, mo tan kílípà, mo sì gbàgbé láti ki ìyàrí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ojú ọ̀nà funfun kan là láti iwájú orí rẹ̀ dé àárín gbùngbùn, ó gún régé bíi títì tó lọ sí Ọ̀yọ́. Mo pa kílípà. Ìyá Ràfíù wo díńgí.

Ó ní, "Abígẹ́ẹ̀lì, ta ló ń bọ̀ lójú ọ̀nà tó o là yìí?"

Mo nawọ́ sí ìyàrí. Ó ní, "Ó dáa, kúkú ṣán gbogbo igbó yòókù. Oòrùn náà ti mú jù." Gọ́rímápá ló gbé lọ sílé, ó sì ń sọ fún àwọn oníbúrẹ́dì ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àṣà tuntun ni. Obìnrin mẹ́ta tún wá láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ìyá ń mú àwọn ọmọ wọn wá.

Ọkùnrin ni kò wá. Tí àga Mọnsúrù bá kún, wọ́n á dúró. Tí mo bá ní ẹ wá jókòó, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ sinmi ọwọ́ yín, a ò kánjú." Kò sí èyí tó rí mi fín. Mo mọ ohun tó wà nínú wọn. Àwọn bàbá wọn ti sọ fún wọn pé orí ọkùnrin kì í ṣe ohun tí ìyá arúgbó ń fọwọ́ pa. Sùnkànmí ọlọ́kadà nìkan ló ń sọ tirẹ̀ jáde. Ó ní, "Màmá, mo fẹ́ràn yín o, ẹ̀rù yín sì ń bà mí. Méjèèjì ń gbé inú mi láì jà." Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Àsìkò yẹn gan-an ni mo wá ṣe àṣìṣe tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, mo ti gbin àgbàdo sí oko mi lẹ́yìn Ìrókò, àwọn òkété sì ń hú u jẹ. Mo tún un gbìn, wọ́n tún un hú. Ìyá mi máa ń sọ nígbà ayé wọn pé òkété kì í sún mọ́ ibi tí òórùn èèyàn bá wà, pé irun èèyàn tí a bá wọ́n yí ebè ká ló ń lé wọn. Nígbà yẹn, níbo la ti fẹ́ rí irun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Àmọ́ èmi yìí, ojoojúmọ́ ni mò ń gbá irun jáde lọ da sórí àkìtàn. Mo wò ó lọ́jọ́ kan, mo ní ohun rere ló ń ṣòfò yìí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó o sínú àpò ìrẹsì. Nígbà tó kún, mo gbé e rù, ó di oko.

Mo wọ́n ọn yí àwọn ebè ká ní òrùka òrùka, mo sì ń gbàdúrà sí àgbàdo náà bí mo ṣe máa ń ṣe. Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá, òkété ò hú ẹyọ kan níbi tí irun wà. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó rí oògùn òkété kì í kéde rẹ̀, kí gbogbo àgbẹ̀ má baà wá du àkìtàn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìgbà kejì tí mo lọ ni Sùnkànmí rí mi. Ẹrù ẹ̀gẹ́ ló gbé láti oko Ìyá Táwá. Ó rí ìyá arúgbó kan nínú igbó, tó ń bu irun ọkùnrin nínú àpò, tó ń yí po, tó ń wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo rí òun náà, mo juwọ́ sí i. Kò juwọ́ padà. Ó yí ọ̀kadà rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ lórí rẹ̀, ó gba ọ̀nà mìíràn lọ. Kí n tó délé, ìròyìn ti jókòó dè mí.

Ṣọ́ọ̀bù dá. Ọjọ́ Ajé, ẹnikẹ́ni ò wọlé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àlejò kan tí kò mọ nǹkan kan wọlé, wọ́n pè é síta, kò padà. Àwọn tó ń gẹrun lọ́dọ̀ Wálé láti kékeré ń wọ ọkọ̀ lọ sí Mọ́níyà lọ gẹrun. Mọnsúrù kàn ń nu kílípà tó ti mọ́, kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ìyá Ràfíù ló sọ ọ́, pé wọ́n ní mò ń fi irun ọkùnrin ṣoògùn nínú igbó. Mo lọ bá Mọnsúrù.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ lé mi."

Ó ní, "Kí n lé yín lọ síbo?"

"Ẹ ṣáà lé mi, kí gbogbo ayé gbọ́, kí iṣẹ́ lè padà."

Ó gbé kílípà sílẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ tí mo ṣe fírídọ̀ọ̀mù, mo bi Bọ̀dá Wálé pé kí ni wọ́n fẹ́ kí n fi san oore wọn. Wọ́n ní kí n má ṣe lé ọmọ iṣẹ́ kankan láé." Ó yí sí mi. "Ṣùgbọ́n, Màmá, kí lẹ̀ ń fi irun àwọn èèyàn ṣe?"

Mo rí i lójú rẹ̀ pé ìdáhùn tí màá fún un ń bà á lẹ́rù, síbẹ̀ ó ti pinnu kó tó bèèrè. Mo ní, "Òkété ni." Mo ṣàlàyé. Mọnsúrù jókòó sórí àga oníbàárà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, èmi náà sì bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwa méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ mi ti lọ nìyẹn.

Alága ẹgbẹ́ onígbàjámọ̀ àgbègbè wa, Alága Lásísì, ti gbọ́. Wọ́n pè wá sí Mọ́níyà. Gbogbo àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló wà níbẹ̀: Jímọ̀, Rámọ́nì, Dàúdù tó ga bí ọ̀pẹ, àti Àlàní tí kì í sọ̀rọ̀. Sùnkànmí wà níbẹ̀ bí ẹlẹ́rìí, ó ń wo ilẹ̀. Alága bi mí, mo sì sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Rámọ́nì ní òkété kọ́, òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Alága ní ohun tí ojú lè rí, kí ni à ń fi ẹnu jà sí. Ọ̀kadà mẹ́ta la gùn dé oko mi, Sùnkànmí ló gbé Alága.

Wọ́n rí àwọn òrùka irun. Wọ́n tún rí apá ibì kan tí irun ò tó fún, tí òkété ti hú gbogbo rẹ̀, tí kò ṣẹ́ ku ewé kan. Dàúdù rin láti apá kìíní dé apá kejì, ó padà, ó tún lọ. Sùnkànmí ní tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yẹ ebè wò.

Ó ní, "Èwo ni tèmi níbẹ̀?"

Mo ní, "Tó o bá dá a mọ̀, mú un."

Àlàní tí kì í sọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Alága ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n wo àgbàdo mi títí. Wọ́n ní, "Ìyá Wálé, mo ti gbà pé òkété lẹ fẹ́ lé. Ṣùgbọ́n ohun tó bọ́ lára èèyàn, tirẹ̀ ni títí yóò fi ní ká dà á nù. Ẹ ò bèèrè." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò sí ibi nínú ọkàn mi, àmọ́ mi ò bèèrè, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Sùnkànmí lójú gbogbo wọn, ọjọ́ orí mi ò dí mi lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, ní ṣọ́ọ̀bù wa, irun oníbàárà kọ̀ọ̀kan ni à ń wé sínú bébà fún un. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbé e lọ, ẹni tí kò bá fẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí à ń kúrò lóko, Alága fà mí sẹ́yìn, wọ́n rọra bi mí bóyá mo lè bá àwọn tọ́jú díẹ̀ nínú irun tí àwọn èèyàn bá fi sílẹ̀. Òkété ti jẹ ẹ̀pà àwọn tán.

Àwọn ọkùnrin padà wá, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Mọnsúrù ni wọ́n padà sí. Àga tèmi ṣì jẹ́ ti àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé. Ọdún sì ń lọ sópin. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá máa ṣe fírídọ̀ọ̀mù gbọ́dọ̀ gẹ orí ọkùnrin kan lójú àwọn àgbà, lokọ́ọ̀tù pẹ̀lú ìlà àti irùngbọ̀n. Mọnsúrù bá mi wá ẹnì kan, Táyé káfíńtà, ó ní òun yóò wá.

Ọjọ́ Sátidé náà, àwọn àgbà kún ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Olúṣọlá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi fìlà lé orúnkún. Táyé ò yọjú. A pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Alága dúró, wọ́n tún dúró, wọ́n wá ní, "Orí dà?" Àwọn ọkùnrin tó pọ̀ níta ń wo fóònù wọn. Mọnsúrù jáde lọ bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó padà wọlé láì mú ẹnikẹ́ni dání. Bàbá Olúṣọlá mú fìlà wọn, wọ́n dé e. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo wo ògiri, mo wo díńgí Wálé, mo ń ka iye ẹrù tí màá dì.

Sùnkànmí ló wọlé. Òun ló gbé Dàúdù wá láti Mọ́níyà, eruku ṣì wà lójú rẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó jókòó sórí àga mi.

Ó ní, "Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ yín kiri, Màmá. Tí èmi ò bá jókòó, ta ló fẹ́ jókòó?" Ó dijú, ó là á. "Nọ́ńbà kejì. Tẹ́ ẹ bá máa gba orí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi etí sílẹ̀. Mo fi ń gbọ́ hóònù."

Mo so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn. Ó le gan-gan bí igi. Mo gbé ọwọ́ mi lé orí rẹ̀ láti wá a bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo sì mọ̀ lójijì pé láti ìgbà tí mo ti sin ọmọ mi, mi ò tíì fọwọ́ kan orí ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kankan. Ó gbóná. Egúngún kékeré kan yọ lẹ́yìn etí òsì, irun sì ń yípo lápá ọ̀tún. Mi ò sunkún. Mo mú ìyàrí ọlọ́dà àwọ̀ ewé, mo kì í bọ̀ ọ́, mo tan kílípà.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọrùn wá sókè. Ní ìpàkọ́, ọwọ́ gbọ́dọ̀ máa gbéra díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yọ fòfó lórí ọbẹ̀ tí kò fẹ́ bu ọbẹ̀. Èyí yé mi ju gbogbo iṣẹ́ náà lọ. Sùnkànmí ń ṣọ́ mi nínú díńgí. Nígbà tí mo dé òsì, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣọ́ mi mọ́. Mo la ìlà. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n lórí àgbọn kò gbọ̀n. Mo gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè láti gẹ irùngbọ̀n, orí náà sì tẹ̀ wá sọ́wọ́ mi pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀. Mo rò pé ó ń ṣàìsàn. Mo wò ó lójú. Sùnkànmí ti sùn lọ.

Mo parí irùngbọ̀n náà bẹ́ẹ̀. Dàúdù na òwú láti ẹ̀bátí kan dé èkejì, ó wọn ìlà, ó mi orí sí Alága pé ó gún. Bàbá Olúṣọlá dìde lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wá tẹ̀ síwájú ojú Sùnkànmí.

Wọ́n ní, "Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe é?"

Alága ní, "Ó ń hanrun. Ẹni tó ní ká má fi orí lé e lọ́wọ́ ló ń hanrun lọ́wọ́ rẹ̀ yìí. Kí la tún fẹ́ dán wò?"

Bàbá Olúṣọlá tún ṣí fìlà wọn. Wọ́n lọ jókòó. Rámọ́nì fẹ́ jí i kí àdúrà fírídọ̀ọ̀mù lè bẹ̀rẹ̀, Alága sì fi ìka lé ètè. Mọnsúrù pa kílípà. Gbogbo àwọn àgbà ẹgbẹ́ jókòó jẹ́ẹ́ sínú ṣọ́ọ̀bù Wálé, àwọn tó wà níta ń yọjú lójú fèrèsé, èmi sì dúró lẹ́yìn àga pẹ̀lú orí náà lọ́wọ́ mi, mò ń dúró kó jí.